Ẹni Tó Dá Orúnkún Ló Kọ́kọ́ Yàwòrán Àga

Káfíńtà kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Oníwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n tètè tún un ṣe kó tó di àṣìṣe: kì í ṣe pé ó ń wọn ọjà fún ẹnikẹ́ni, bí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò ṣe máa ń rò. Orúnkún ènìyàn ló ń wọ̀n. Bí o bá fẹ́ ra àga lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ní kí o dúró gbọnrangandan, yóò kúnlẹ̀ níwájú rẹ, yóò fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ lápò, yóò sì fi wọ̀n ọ́ láti gìgísẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún. Yóò ta kókó kan. Yóò tún wọ̀n ọ́ láti ẹ̀yìn orúnkún dé ìbàdí, yóò ta kókó kejì. Kò ní béèrè irú àga tí o fẹ́. Orúnkún rẹ ti sọ fún un.

Mo bi í léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí kò kàn kan gbogbo àga ní ìwọ̀n kan náà.

"Tíṣà," ó ní, "Ọlọ́run ti yàwòrán àga kó tó dá igi. Orúnkún ni àwòrán ọ̀hún. Èmi kàn ń dà á kọ ni."

Ní kíláàsì mi, ẹni tó bá da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ yóò kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Bàbá Oníwọ̀n yàtọ̀, ó tilẹ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ là ń pè ní Ìyá Ajókòó-wò. Òun ló ń fi pépà dán igi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kò sí àga tó ń kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ó ti jókòó lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Yóò kọ́kọ́ jókòó bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ òun nílé. Lẹ́yìn náà, yóò jókòó bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, yóò jókòó bí ẹni tí aládùúgbò ń ròyìn ẹlòmíràn fún, tí kò sì fẹ́ kí ìròyìn náà tán. Eléyìí ló máa ń pẹ́ jù. Bí àga bá yege, yóò ní, "Ó gbà mí." Bí kò bá yege, yóò ní, "Kò gbà mí o, Bàbá wọn." Bàbá yóò sì gbé ayùn láìjanpata. Ó ní torí ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá ènìyàn ní tọkọtaya: ẹnì kan ṣoṣo kò lè máa gé àga kó tún máa jókòó lé e.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ keje, wọn á ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọn á gbé àga méjì síwájú ilé, wọn á sì jókòó títí oòrùn á fi wọ̀. Oníbàárà tó bá dé lọ́jọ́ náà, wọn á fún un ní àga kẹta, òun náà á jókòó.

"Bàbá," mo ní, "ayé ìsinsìnyí, ta ló tún ń ti ṣọ́ọ̀bù?"

"Ọlọ́run ṣe ọjọ́ mẹ́fà, ó sinmi. Tíṣà, ṣé ẹ rò pé ìdúró ló wà tó fi sinmi ni?"

Mo fa àga kẹta, èmi náà jókòó.

Ohun tó dà á láàmú ni àga rọ́bà. Ọkùnrin kan ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì ọ̀nà, ó to àga rọ́bà léra wọn dé òrùlé, a sì sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni Rọ́bà lọ́jọ́ kejì. Oṣù mẹ́rin gbáko, Bàbá Oníwọ̀n kò rí orúnkún kan wọ̀n. Ọkọ ọmọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti bá a wáṣẹ́ sílẹ̀: yóò máa ṣọ́ géètì ilé iṣẹ́ wọn. Wọ́n ti rán aṣọ ẹ̀ṣọ́ dè é. Èyí tó dun Bàbá jù ni pé ó lọ wo ìdí géètì náà, àga rọ́bà ló bá níbẹ̀.

Ìgbà náà ni àga yàrá àwọn olùkọ́ wa bàjẹ́ tán. Mẹ́tàlá ni wọ́n, mẹ́ta péré ni ẹsẹ̀ wọn pé. Ọ̀gá ilé ìwé wa, obìnrin tó fẹ̀ dáadáa tí kì í sì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pe káfíńtà àti Ọ̀gbẹ́ni Rọ́bà. Ó ní kí oníkálukú gbé àga kan wá láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Òun yóò jókòó lé méjèèjì níwájú àwọn òbí, èyí tó bá tẹ́ òun lọ́rùn, ẹni tó ni ín yóò ṣe mẹ́tàlá. Bàbá Oníwọ̀n mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, ìdí géètì ló kù.

Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù ni mo pè é, nítorí pé n kò rí orúkọ mìíràn fún ohun tó ṣe tẹ̀ lé e.

Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó na fóònù sí i. "Bàbá, ayé ti yí padà. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń jókòó lé báyìí."

Bàbá wò ó. "Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ní?"

"Ẹsẹ̀ kan, Bàbá. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ti di ti àtijọ́."

"Ibi ìfẹ̀yìntì ẹ̀ dà?"

"Iwájú ló wà. Ẹ gbọ́, Bàbá: ta ló tún ń fẹ̀yìn ti nǹkan láyé yìí? Gbogbo ènìyàn ló ń tẹ̀ síwájú wo fóònù. Àyà la fi ń tì í báyìí. Fóònù yìí ti ṣírò gbogbo ẹ̀ tán, ẹ ò nílò okùn."

Bàbá wo okùn ọwọ́ rẹ̀, ó wo òdìkejì ọ̀nà níbi tí àga rọ́bà ti ga dé òrùlé. Ó fi okùn kọ́ ìṣó ara ògiri.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tuntun ni mo ń bá jà. Ọkọ ọmọ yìí kan náà ló ra ayùn oníná fún Bàbá lọ́dún tó kọjá, igi tó ń gbà á ní òwúrọ̀ kan tẹ́lẹ̀ di ohun tó ń gé kí omi ọwọ́ rẹ̀ tó gbẹ. Ayùn yí padà, ó dára. Ṣùgbọ́n ayùn kọ́ ló ń jókòó.

Bàbá gé igi, ó kan án, ó lẹ̀ ẹ́. Àga náà ní apá méjì tó ṣù mọ́ra níwájú bí ẹni tó dì mọ́ ọ̀rẹ́, ojú ìjókòó rẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ keje, iṣẹ́ ò tíì parí, ó bá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Ajókòó-wò gbé àga tirẹ̀ nìkan síwájú ilé, ó káwọ́ gbera, ó jókòó. Àwọn tó ń kọjá ń bi í bóyá Bàbá ń ṣàìsàn.

"Ara ẹ̀ le," ó ní. "Ọlọ́run nìkan ló ń sinmi lónìí."

Nígbà tí àga parí, ó wọlé pé kí òun jókòó lé e gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òun. Bàbá na ọwọ́ dí i lọ́nà.

"Kò pọn dandan mọ́, Ìyá wọn. Fóònù ti yẹ̀ ẹ́ wò."

"Fóònù?"

"Ó ti ṣírò ẹ̀."

Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ ọmọ, ó wo iwájú rẹ̀, ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Bàbá wọn, ibo ni ìdí ẹ̀ wà?"

Bàbá ń fi ọwọ́ nu eruku lára àga.

"Mi ò ní bá yín jà," Ìyá ní. "Ẹni tó dá ìdí ò sùn. Á jà fún un."

Ó jáde. Ṣùgbọ́n kó tó jáde, ó yọ okùn lára ìṣó, ó so ó mọ́ ìbàdí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, òbí méje jókòó ní gbọ̀ngàn ilé ìwé wa. Ọ̀gbẹ́ni Rọ́bà ti dé, ó ń fi aṣọ ìnujú nu àga rẹ̀ bí ẹni ń nu ọmọ. Ọ̀gá kọ́kọ́ jókòó lé àga rọ́bà. Ó dún kẹ́ẹ́, ó tẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e. Ọ̀gá fi kálámù kọ nǹkan. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ti Bàbá Oníwọ̀n, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, ibo ni èèyàn ti ń wọ̀ ọ́?"

Ọkọ ọmọ fò dìde. "Ẹ̀gbẹ́, Màmá. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kẹ́ ẹ wá jọ̀wọ́ ara yín."

Ọ̀gá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ojú ìjókòó tó dà gẹ̀rẹ́ gbà á, ó rọra gbé e lọ sísàlẹ̀, orúnkún rẹ̀ gòkè pàdé àgbọ̀n rẹ̀, apá méjèèjì sì dì mọ́ ọn tìfẹ́tìfẹ́.

"Màmá," ọkọ ọmọ ní, "ẹ yọ fóònù yín síta, ẹ̀ẹ́ rí i pé ó tù yín lára."

"Ọwọ́ wo ni kí n fi yọ ọ́?"

Lóòótọ́, ọwọ́ méjèèjì wà nísàlẹ̀ orúnkún. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àwọn òbí mẹ́ta fa Ọ̀gá, àga tẹ̀ lé e. Wọ́n fa àga, Ọ̀gá tẹ̀ lé e. Ó dìde ní ìdajì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àga lẹ́yìn rẹ̀ bí igbá ẹ̀yìn ìjàpá. Wọ́n ń sọ kiri pé ó gbé e dé géètì. Irọ́ ni. Pátákó ìkọ̀wé ló gbé e dé, mo wà níbẹ̀.

"Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín," Ọ̀gá ní, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa nígbà tó ń sọ ọ́, èyí tó mú kí àìrẹ́rìn-ín ṣòro gidi.

Ọ̀gbẹ́ni Rọ́bà ti ń ka àga méjìlá tó kù fún ara rẹ̀ lórí ìka. Bàbá Oníwọ̀n wo ilẹ̀, mo sì rí i pé aṣọ ẹ̀ṣọ́ ló ń rí lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí, Ìyá Ajókòó-wò wọlé tòun ti ayùn ọwọ́, èyí tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́, Màmá. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀."

Ó rẹ́ apá àga náà kúrò. Ọ̀gá bọ́ jáde, ó na ara, ó sì fẹ́ sọ̀rọ̀. Kó tó la ẹnu, Ìyá ti tú okùn ìbàdí rẹ̀, ó jù ú sọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn, orúnkún rèé."

Bàbá kúnlẹ̀. Níwájú òbí méje, ó wọ̀n láti gìgísẹ̀ Ọ̀gá dé ẹ̀yìn orúnkún, ó ta kókó. Ó fún Ìyá ní okùn, òun ló wọ̀n ọ́n dé ìbàdí.

"Kí lẹ ń ṣe nísàlẹ̀ níbẹ̀?" Ọ̀gá béèrè.

"Mo ṣẹ̀, Màmá. Mo gbàgbé ẹni tó ń jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi dọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ìṣẹ́gun," Ọ̀gá ní. "Aago mẹ́jọ. Bẹ́ ẹ bá pẹ́, rọ́bà ni."

Kò tó nǹkan, ọjọ́ mẹ́rin péré, ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín rẹ̀. Mo kọjá lójú ilé wọn lọ́jọ́ keje yẹn láti wò ó bóyá yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù tì pa. Àga méjì ló wà níta, Bàbá lórí ọ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ sáré.

"Ẹ sinmi dáadáa," Ìyá ń sọ fún un. "Bí ẹ ṣe ń sinmi yẹn, iṣẹ́ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú méje, wọ́n gbé àga dé. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìfẹ̀yìntì lẹ́yìn. Ìyá jókòó lé e lójú gbogbo wa: bí àlejò, bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó yíjú sí mi. "Tíṣà, ẹ sọ nǹkan tó dùn."

Mo sọ fún un nípa ẹni tó rìn dé pátákó ìkọ̀wé. Ó jókòó pẹ́.

"Ó gbà mí," ó ní nígbẹ̀yìn.

Ọ̀gá jókòó. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ rí ibi tì. Ó bẹ̀rẹ̀ ìpàdé pẹ̀lú àwọn òbí láti orí àga náà, ó ṣe é parí, àwọn òbí lọ, aago ìsinmi lù, kò dìde. Bàbá Oníwọ̀n tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kò mọ̀ bóyá kó lọ tàbí kó dúró.

"Màmá, ṣé ó dára?"

"Bàbá," Ọ̀gá ní, ojú rẹ̀ wà ní pípadé, "ẹ lọ wọn orúnkún àwọn olùkọ́."

Aṣọ ẹ̀ṣọ́ wà nílé wọn dòní, òun ni Ìyá fi ń nu igi. Ọ̀gbẹ́ni Rọ́bà náà wá ní oṣù tó kọjá, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọlé kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ẹ̀yìn ló ń dùn ún, wọ́n ní kó wá àga gidi tí yóò máa jókòó lé tà. Wọ́n wọn orúnkún rẹ̀.

Ọkọ ọmọ ló wá kẹ́yìn. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú, kò ṣeé gbé sókè, ó sì ń rọra kí àwọn àna rẹ̀ pẹ̀lú ojú nílẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn orúnkún."

Bàbá ti ń kúnlẹ̀ nígbà tí Ìyá Ajókòó-wò dá a dúró.

"Ẹ kọ́kọ́ bi í ná, Bàbá wọn. Ṣé orúnkún òde òní ni, àbí ti àtijọ́?"