Ìdajì Mẹ́rìndínlógún

Nígbà tí mo kéré ní Erinje, èéfín ló ń jí mi láràárọ̀. Ìyé mi, bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, á ti dáná púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí a ń fi èéfín yan. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ kàn ń fi ọbẹ̀ marùgbó jẹ ẹ́, ẹ ò mọ ohun tójú wa rí. Èmi ni mo ń yí ẹ̀gẹ́ róbótó róbótó náà lórí àjà kó má baà jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá jóná, pàṣán ń bẹ.

Nígbà tí mo wọ ilé ìwé girama, mo pinnu pé nọ́ọ̀sì ni mo máa dà, torí nọ́ọ̀sì kì í yí púpurú. Ìṣirò ló fẹ́ dí mi lọ́nà. Tíṣà wa ní ká yé kọ àmì rúùtù, ká máa fi ìdajì sórí nọ́ńbà bíi páwà. Ó kọ mẹ́rìndínlógún, ó gbé ìdajì lé e lórí. Mo kọ mẹ́jọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pín gbogbo ìyókù sí méjì láìwẹ̀yìn, ni mo bá gba òdo. Tíṣà ní kí ẹni tó gba òdo palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì.

Mo sunkún délé. Bàbá mi wo ìwé náà títí. "Ìdajì mẹ́rìndínlógún kì í ṣe mẹ́jọ kẹ̀? Ta ló gba ọkùnrin yìí síṣẹ́?" Lọ́jọ́ kejì, ó ru apẹ̀rẹ̀ púpurú tó yẹ kó lọ sọ́jà Okitipupa, ó di ilé ìwé wa. Ìyé mi ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ń gbàdúrà kí òjò ńlá rọ̀.

Bàbá ka púpurú mẹ́rìndínlógún sórí tábìlì, ó pín in sí méjì. "Tíṣà, ẹ kà á." Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ́rìn-ín títí ẹnìkan fi já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Tíṣà ò bínú. Ó ní ìdajì tó wà lókè yẹn kì í ṣe ká pín nǹkan. Nọ́ńbà tí a óò fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tí yóò di mẹ́rìndínlógún lòun ń wá. Ìyé mi, tí kò jókòó ní kíláàsì rí, to púpurú náà bó ṣe ń tò wọ́n sórí àjà, ìlà mẹ́rin, mẹ́rin ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó nàka sí ìlà kan: "Ṣé eléyìí ni?"

Tíṣà yanu. Ó ní tó bá jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ńkọ́, tí páwà rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta? Ìyé fi mọ́kànlá kún un láti inú apẹ̀rẹ̀, ó tò ó ní mẹ́ta mẹ́ta, ó tò ó léra ní ipele mẹ́ta, ó fọwọ́ kan ìlà kan: mẹ́ta. Tíṣà ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ńkọ́, tó túmọ̀ sí ká tún fi mẹ́ta yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀? Ìyé nàka sí gbogbo ipele ìsàlẹ̀: mẹ́sàn-án. Ìgbà yẹn ló yé mi. Wọ́n jẹ́ kí n tún ìdánwò náà ṣe, mo yege, wọn ò lé mi kúrò ní sáyẹ́ǹsì. Bàbá sì ń sọ káàkiri Erinje pé òun lòun lọ tún tíṣà kọ́.

Lóde òní, fóònù lọmọ mi fi ń ya àwòrán ìbéèrè, ìdáhùn á sì ti jáde kí n tó rí awò ojú mi. Síbẹ̀ ó gba òdo lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù àwọn òbí, mo fi àwòrán ẹkún kan sí i, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi. Bàbá mi ti lọ, àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Kò mọ ìṣirò yẹn rárá, síbẹ̀ ó wá. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n ò tíì fẹsẹ̀ tẹ kíláàsì ọmọ mi rí.