Hàwáù Kò Búra Lé Inú Ẹlòmíràn

Hàwáù, ìyàwó àbúrò mi, kì í purọ́. Mi ò sọ ọ́ láti yìn ín. Wàhálà ni. Bí o bá bi í bóyá aṣọ rẹ bá ọ mu, á sọ fún ọ.

Iṣu ló ń gbìn ní Òró-Àgọ́. Lọ́dún tó kọjá, ó kó iṣu ọkọ̀ kan fún Tìjání ará Rórẹ̀ pé kó bá òun tà á ní Ìlọrin. Ẹgbẹ̀ta ẹgbẹ̀rún náírà. Tìjání tà á, ó fi owó rẹ̀ ra ọ̀kadà. Kì í sẹ́ gbèsè náà o. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ ní mọ́sáláṣí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ fún yín pé òun jẹ Hàwáù. Ó kàn ń sọ ọ́ ni, kì í san án.

Òjò ń bọ̀, Hàwáù ò sì ní owó èèbù tí yóò gbìn. Ẹni tí kò gbin iṣu lọ́dún yìí, kí ló fẹ́ jẹ lẹ́ẹ̀mí-ìn?

Mo tẹ̀lé e lọ bá lọ́yà kan ní Òmù-Àrán, Ọlábọ̀wálé. Ọmọ náà sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé ọ̀nà kúkúrú wà fún gbèsè tí kò ní àríyànjiyàn. Kí Hàwáù ṣáà ti búra sínú ìwé tí wọ́n ń pè ní afidáfíìtì. Bí Tìjání ò bá kọ tirẹ̀ wá láti jà, ẹjọ́ parí.

Hàwáù ṣe àlùwàlá nídìí ẹ̀rọ omi kọ́ọ̀tù, ó gbọ́wọ́ lé Al-Kùránì. Rhoda, akọ̀wé kọ́ọ̀tù, ka ìwé náà fún un ní Yorùbá, torí òfin ní kí wọ́n kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé kó tó tẹ̀ka. Iye iṣu, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Iye owó, bẹ́ẹ̀ ni. Rhoda wá ka èyí tó kẹ́yìn: "Mo gbà gbọ́ pé Tìjání kò ní àwíjàre kankan."

Hàwáù gbọ́wọ́ kúrò.

"Èyí ò ti ẹnu mi jáde. Ta ló rí inú Tìjání?"

Lọ́yà ní ohun tí kọ́ọ̀tù fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Hàwáù ní kí kọ́ọ̀tù lọ búra rẹ̀. Lọ́yà ní bí ìlà yẹn ò bá sí níbẹ̀, wọ́n á gbé ẹjọ́ sáàárín àwọn tó ń lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Hàwáù ní òun ò ní torí èèbù wọ iná ọ̀run.

Mo ní kó lọ bi Tìjání. Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Hàwáù ti ń wá bàtà rẹ̀.

A bá Tìjání nílé ní Rórẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó bu omi fún wa. Hàwáù bi í bóyá ó ní ohun tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Ó ronú, ó ní iṣu méjì jẹrà. Hàwáù ní ó ṣeé ṣe, kí ló kù? Ó tún ronú títí.

"Ìyá, ká má purọ́, mi ò ní nǹkan kan."

"O lè sọ ọ́ níwájú akọ̀wé?"

"Ẹ jẹ́ n gbé yín lọ. Ọkọ̀ kì í yá lọ́sàn-án."

Bí àwa méjèèjì ṣe gun ẹ̀yìn ọ̀kadà tí owó iṣu rà nìyẹn. Tìjání sọ ọ́ níwájú Rhoda pé òun ò ní àwíjàre, ó tilẹ̀ san owó ìbúra, torí Hàwáù ò ní ṣénjì. Rhoda ní òun ò tí ì rí ajigbèsè tó gbé olówó wá búra ta ko ara rẹ̀ rí. Lọ́yà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé ẹ̀tàn ni. Mo ní kò gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Hàwáù ò tẹ̀ka títí wọ́n fi yọ owó iṣu méjì kúrò, tí wọ́n tún ìwé tẹ̀.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, adájọ́ bi Tìjání pé ìwé tirẹ̀ dà.

"Ìyá ti kọ gbogbo ẹ̀, sà. Títí kan ti iṣu méjì."

Adájọ́ wo ìwé, ó wo Hàwáù, ó ní kí Tìjání san án.

Tìjání ta ọ̀kadà. Ó kó owó wá sí Òró-Àgọ́ nínú ọ̀rá dúdú, kí òjò tó rọ̀, Hàwáù sì rí èèbù rà. Ṣùgbọ́n Tìjání ò ní ohun tí yóò fi padà sí Rórẹ̀. Hàwáù fún un lówó ọkọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun á dá a padà.

"Má dá a padà," ni Hàwáù wí. "Mo fi ta ọ́ lọ́rẹ ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gbọ́."