Màlúù Huguette àti Òkúta Ààlà

Ní abúlé wa lórí òkè Jura, ní Faransé, lẹ́bàá ààlà Swítsàlandì, ẹni tó bá lè wa ọkọ̀ ti ń lọ ṣiṣẹ́ aago ní Swítsàlandì. Owó wà níbẹ̀ ju tiwa lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ọkọ̀ á tò lọ bí ìjàlọ, ilé á dá páropáro. Huguette Pourchet ò bá wọn lọ. Opó ni, màlúù kan ṣoṣo ló kù ú kù láyé, Pivoine lorúkọ ẹ̀. Láràárọ̀ ló ń gbé wàrà ẹ̀ lọ sílé wàràkàṣì, ó sì ń fi í yangàn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan ló ń kó ìgbẹ́ nílé màlúù, tó bá òkúta ààlà nísàlẹ̀, àmì Faransé lápá kan, ti Swítsàlandì lápá kejì: ààlà la ilé màlúù sí méjì. Ọlọ́gbọ́n á tún fi ìgbẹ́ bò ó. Huguette fọwọ́ ara ẹ̀ ṣera ẹ̀, ó pe gbogbo wa wá wò ó!

Firmin, olórí ilé wàràkàṣì, wo òkúta, ó wo màlúù, ojú ẹ̀ yí padà.

“Màmá, màlúù yín ò jẹun nílẹ̀ wa o. Orí ẹ̀ wà ní Swítsàlandì.”

“Ọmú ẹ̀ ńkọ́?”

“Ọmú wà ní Faransé.”

“Ṣé orí lo fi ń ṣe wàràkàṣì ni?”

“Òfin ni, Màmá. Níbí ló gbọ́dọ̀ ti jẹun, níbí náà la gbọ́dọ̀ ti fún wàrà ẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò lè gbà á mọ́.”

Bí wọn ò bá gba wàrà, alápatà ló máa gba màlúù. La bá yí Pivoine padà. Ẹnu bọ́ sí Faransé, ọmú bọ́ sí Swítsàlandì. A fẹ́ fi í dábùú, ilé fún jù. Àwa àgbà ọkùnrin, à ń fi èjìká ti ìdí màlúù káàkiri orílẹ̀-èdè méjì, torí òfin oníwèrè! Inú bí mi gan-an.

Huguette ní ká máa lọ sílé.

Nígbà tí Firmin padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Pivoine ló bá nílé ìdáná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń jẹ koríko níbi tí tábìlì wà tẹ́lẹ̀. Láti orí dé ìrù, Faransé ló wà. Bẹ́ẹ̀dì Huguette ti wà nílé màlúù.

“Ẹ̀yin ńkọ́, Màmá? Ṣé Swítsàlandì lẹ ó ti máa sùn?”

“Ṣé àwọn oníṣẹ́ aago nìkan ló mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni? Gba wàrà ẹ.”

Firmin gbé garawa. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Huguette tó pè é.

“Rọra ti ilẹ̀kùn o. Onílé ń jẹun.”