Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ńjìnnì Màámi

Lánàá, bí mo ṣe ń po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù fún jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹ̀yìn ilé wa ní Ìgándò, òórùn rẹ̀ ta sí mi nímú, mo sì dúró bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ gbọ́njú bá títì ọlọ́dà, ẹ ò lè mọ̀ pé òórùn Màámi nìyẹn nígbà èwe mi: pẹtiróòlù àti ọṣẹ dúdú.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Màámi. Ìkòtún ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, Ìgándò là ń gbé, iyanrìn àti oko ẹ̀gẹ́ ló sì pọ̀ lójú ọ̀nà nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, iyanrìn ò jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ wọn ṣeé gùn, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ gbẹ̀bí obìnrin kan. Kí wọ́n tó débẹ̀, obìnrin náà ti bímọ, ọmọ náà ò sì yè. Màámi ò fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n sọ fún Bàámi pé àwọn fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì sórí kẹ̀kẹ́ àwọn. Bàámi ní ṣé alùpùpù ò dáa jù ni.

"Ó wúwo. Tó bá kú sínú iyanrìn, ta ló máa bá mi tì í?"

Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ sọ́dọ̀ Àlájì kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ní Ìkòtún. Àlájì gbé ẹ́ńjìnnì ńlá kan tó ń dán gbinrin síwájú wa.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, èyí máa gbé yín fò ni!"

Màámi ò tilẹ̀ wò ó. "Ẹ jẹ́ n rí bíréèkì ná."

"Bíréèkì kẹ̀? Kẹ̀kẹ́ tí ò tíì lọ?"

"Ẹnì kan ń dúró dè mí níbi tí mò ń lọ, Àlájì. Tí mo bá ṣubú lọ́nà ńkọ́?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì fà á jáde. Lẹ́yìn bíréèkì, táyà tó fẹ̀, kó má baà rì sínú iyanrìn. Màámi ń fi èékánná ta sípóòkù táyà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ẹ́ńjìnnì tó kéré jù ni wọ́n mú, irú tí gbogbo mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà mọ̀ ọ́n tún ṣe. Nígbà tí wẹ́dà tó ń jó ẹ́ńjìnnì náà mọ́ kẹ̀kẹ́ fẹ́ gé pẹ́dàlì dànù, Màámi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jẹ́ kó wà níbẹ̀, jàre."

Ọdún náà, òjò pọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ìsinmi iléèwé, ọkùnrin kan sáré wá láti ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá pé ìyàwó òun ń rọbí. Kò sẹ́nì kankan nílé tó lè dúró tì mí, ni Màámi bá gbé mi sórí káríà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo gbá báàgì iṣẹ́ wọn mọ́ àyà. A wọ inú àgbàrá kan, ẹ́ńjìnnì sì kú. Màámi ò sọ̀kalẹ̀, wọn ò sì ráhùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wa á, mo gbé orí lé ẹ̀yìn wọn, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ títí a fi dé.

Wọ́n ní kí n jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹkún ọmọ tuntun ta. Màámi jáde, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn, gbogbo eyín wọn ló wà níta.

"A ṣáájú ọmọ náà dé," wọ́n ní.

Wọ́n ti darúgbó báyìí, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Ọ̀dà ti bo iyanrìn, ilé ti gba oko ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ti ń ta ẹ́ńjìnnì tó ń lo bátìrì, tí kì í rùn rárá. Níjọ́sí, ayálégbé wa kan gbé fóònù wá, ó fẹ́ kí Màámi bá òun yan ẹ́ńjìnnì tí òun máa so mọ́ kẹ̀kẹ́ tí ìyàwó òun yóò máa gùn lọ síbi iṣẹ́ ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ó ń fi àwòrán hàn wọ́n, ọ̀kan ń dán ju èkejì lọ.

Màámi rọra ti fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyàwó ẹ dà? Pè é wá."

Ọmọbìnrin náà wá, ó kúnlẹ̀. Màámi ní kó dìde kí àwọn wo bó ṣe ga tó, wọ́n sì mú àga fún un.

"Ó dáa, ìyá mi," wọ́n ní. "Sọ bí ọ̀nà ẹ ṣe rí fún mi."