Orúkọ Tó Gba Gbogbo Píìnì Ilé

Ẹ̀rọ omi kíṣìnì ilé púlọ́ńbà kan ń jò. Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń jò láti ìgbà tí àkọ́bí ilé náà ti ń kọ́ a-bí-dí. Àkọ́bí ọ̀hún ti di nọ́ọ̀sì báyìí, ẹ̀rọ náà ò sì tíì rójú àtúnṣe. Abọ́ tí ìyàwó púlọ́ńbà kọ́kọ́ gbé sábẹ́ rẹ̀ ti gbó, ó ti lu, òmíràn ti gba ipò rẹ̀. Bí obìnrin náà bá sì sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ẹ̀rọ yìí," ọkọ rẹ̀ á dáhùn láti pálọ̀ pé, "Mò ń bọ̀, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí èyí."

Èyí tó ń parí láti ọjọ́ yìí wá ni orúkọ ìdílé rẹ̀.

Orúkọ náà ṣọ̀wọ́n lóòótọ́. Akọ̀wé báńkì tó bá fẹ́ pè é á pè é dé ààbọ̀, á wá gbójú sókè bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tàsé àtẹ̀gùn. Púlọ́ńbà fẹ́ràn ìgbójúsókè yẹn ju oúnjẹ lọ. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Télọ̀, kò jiyàn pé orúkọ náà ṣọ̀wọ́n. Ohun tí kò yé e ni ariwo tó wà nídìí rẹ̀. Eyín náà ṣọ̀wọ́n lẹ́nu ọmọ tuntun, kò sẹ́ni tó ya máàpù rẹ̀.

Máàpù ti púlọ́ńbà gba ògiri pálọ̀ láti ojú fèrèsé dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ibikíbi tó bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ń jẹ́ orúkọ náà, á fi píìnì gún ibẹ̀. Píìnì ta? Píìnì Ìyá Télọ̀ ni. Oníbàárà á dúró lórí àga, aṣọ á wà lára rẹ̀ ní ìdajì, Ìyá Télọ̀ á ki ọwọ́ bọ àpótí, ọwọ́ á bá òfìfo. Lọ́jọ́ tí ara ta á, ó wọ pálọ̀ lọ, ó fa ìlú kan yọ lójú máàpù, ó fi gún ìbàdí ìyàwó tuntun kan tí wọ́n ń wọn aṣọ fún. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ariwo sọ.

"Ta ló ṣí àwọn ará ẹnu odò nípò?"

"Wọ́n wà nídìí ìyàwó tuntun kan. Ẹ jẹ́ kó bọ́ aṣọ tán, ẹ máa rí wọn gbà padà."

"O rò pé eré ni. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ."

"Ẹ̀rọ kíṣìnì yìí ò gbàgbé tiẹ̀ rí. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣàn."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, tí àdúgbò fi sọ ọkùnrin náà ní Baba Orísun. Kò bínú sí i. Ó rò pé oyè ni.

Ẹ̀kọ́ Baba Orísun kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le bí ìgbàgbọ́. Ó ní gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà, ibi yòówù kó wà, ọkùnrin kan ṣoṣo ló ṣẹ̀ wọ́n sílẹ̀, akíkanjú kan tí kì í jókòó sójú kan. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé àwọn píìnì náà kò fọ́n káàkiri. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láti etí òkun lọ sókè, wọ́n ń bá ojú irin lọ láti ibùdókọ̀ kan sí èkejì.

"Ṣé o rí i?" á ní. "Bàbá ńlá wa rìn!"

"Ó rìn," Ìyá Télọ̀ á ní. "Gbogbo ibi tí rélùwéè ti dúró ló ti níyàwó. Ìgbà wo ló wá ń sùn?"

Ó lè fi ṣàwàdà, ṣùgbọ́n ó ti jẹ ìyà rẹ̀ rí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ náà ti wá láti ọ̀nà jíjìn rí, pé òun wá kí ẹbí. Ó kí ẹbí títí, ó sùn lórí àga pálọ̀, ó jẹ ẹran tó wà nínú ọbẹ̀ kó tó kan àwọn ọmọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbéra láìdágbére, áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ Ìyá Télọ̀ sì bá a lọ. Nígbà tí obìnrin náà figbe ta, ọkọ rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, pé áyọ́ọ̀nù náà kò kúrò nínú ẹbí. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Télọ̀ ti ń tì yàrá ìránṣọ rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ti ní òun ń jẹ́ orúkọ náà.

Nọ́ọ̀sì mọ irú ilé tí wọ́n ti bí òun. Nígbà tó rí ẹni tó fẹ́ fẹ́, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń tún fíríìjì oògùn ṣe nílé ìwòsàn wọn, kò jẹ́ kí orúkọ ìdílé rẹ̀ bọ́ lẹ́nu òun títí ọ̀rọ̀ fi di dandan. Lọ́jọ́ tó mú un wálé, Onífíríìjì kí bàbá, ó kí ìyá, ó jókòó sí etí àga. Baba Orísun wò ó tìfẹ́tìfẹ́.

"Ọmọ ta ni ẹ́, ọmọ mi?"

Ọmọkùnrin náà wo Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. Ọmọkùnrin náà dárúkọ ọ̀hún gan-an.

Ayọ̀ tó gbé Baba Orísun dìde kò kéré. Ó dì mọ́ ọmọ náà, ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ó bi í ní ìlú wọn, ó sáré wọ yàrá ìránṣọ lọ mú píìnì, ó gún un mọ́ máàpù. Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí píìnì náà nígbà tí ojú rẹ̀ yí padà.

"Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fẹ́ra yín."

"Kí ló dé?" Ìyá Télọ̀ ló bèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni."

"Bàbá," Onífíríìjì rọra sọ, "ẹ̀yin àti èmi ò ríra wa rí títí dòní."

"Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kì í dúró kẹ́nì kan rí òun kó tó máa ṣàn."

Ìyá Télọ̀ dìde. "Ẹ̀jẹ̀ tó gbé áyọ́ọ̀nù mi lọ, ẹ ní kò burú. Èyí tó wá fi ọ̀wọ̀ bèèrè ọmọ, òun ló wá burú?"

"Ọ̀rọ̀ ìran là ń sọ, o ń sọ ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù."

"Ẹ má bínú, mà," Onífíríìjì ní, ó kọjú sí ìyá. "Ohun tí bàbá tèmi náà sọ nìyẹn. Àwọn náà ní máàpù."

Ìyá Télọ̀ tún jókòó. "Wọ́n di méjì?"

Ọ̀rọ̀ náà rú ilé. Baba Orísun kò yí padà; ó kàn ń káàánú àwọn ọmọ náà bí ẹni tó ń káàánú ẹni tí òjò pa. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ kò sunkún. Ó wá bá ìyá rẹ̀ nídìí máṣíìnì, ó bá a dá aṣọ sí méjì, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

"Màmá, iṣẹ́ kan yọ fún àwa méjèèjì, níbi tó jìnnà gan-an. Tí àwọn bàbá bá gbà, a ó máa wá kí yín. Tí wọn ò bá gbà, a máa lọ náà ni, a ò ní padà. Ẹ kàn sọ fún bàbá mi kí wọ́n fi píìnì mọ ibi tí mo wà."

Àkọ́bí Ìyá Télọ̀ nìyẹn, ọmọ tó ń wá sílé ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi láti wá bá a bu omi inú abọ́ kíṣìnì dànù.

Ó gbé ìbínú rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀ ń gbé, obìnrin arúgbó kan tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Àgbà. Ìyá Télọ̀ fẹ́ bá a rán ojú aṣọ tó ya, ó sì ń rán an, ó ń kùn: ẹ̀jẹ̀ báyìí, ìran báyìí, akíkanjú báyìí.

"Ẹ̀jẹ̀ wo?" Àǹtí Àgbà ní.

"Ti gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yín, Màmá."

"Wọn ò bí orúkọ yẹn mọ́ bàbá mi, ìyàwó. Ṣọ́bìrì ni bàbá mi gbé nígbà tí wọ́n ń ṣe ojú irin. Fọ́máànù, ọ̀gá wọn, ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Tó bá di ọjọ́ owó, akọ̀wé á jókòó, á pe orúkọ fọ́máànù, á ní, 'Àwọn tiẹ̀ dà?' Ẹni tó bá dáhùn ló ń gbowó. Kí lo fẹ́ kí bàbá mi ṣe? Kó dákẹ́?"

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Ìyá Télọ̀. "Àwọn tó wà káàkiri ńkọ́?"

"Ibi tí ṣọ́bìrì bá ti sú ẹnì kan, á dúró síbẹ̀, á fẹ́yàwó, á máa jẹ́ orúkọ tó fi ń gbowó."

"Màmá! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ láti ọdún yìí wá?"

"Ta ló bi mí? Ọkọ ẹ ti bi gbogbo ayé tán, kò rìn dé yàrá ẹ̀yìn." Arúgbó náà ronú díẹ̀. "Irọ́ ni mo pa. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan. Ó bi mí bóyá mo rí píìnì."

Ìyá Télọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún ọkọ rẹ̀ bí ẹni gbé oúnjẹ gbígbóná. Ọkọ rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án.

"Ara ti dara àgbà, wọ́n ti ń gbàgbé nǹkan. Bàbá bàbá tèmi kọ́ ló máa gbé ṣọ́bìrì fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀ ń gbé?"

Baba Orísun wo sípánà ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì jáde lọ síta.

Nígbà náà ni Ìyá Télọ̀ rí i pé òtítọ́ nìkan ò lè ṣẹ́gun ọkùnrin yìí. Ó gba nọ́ńbà ìyá Onífíríìjì, ó pè é. Ohùn tó dá a lóhùn ti rẹ̀, irú ohùn tó mọ̀ dáadáa.

"Píìnì ni tiyín ń lò?" obìnrin náà ní. "Orí yín ṣe yín lóore. Ìṣó ni tiwa fi ń kàn án."

Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí owó orí fóònù fi tán. Lẹ́yìn náà, Ìyá Télọ̀ lọ sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kò dáa kí ẹbí kọ ọmọ ẹbí láìfojú kanra, pé ó yẹ kí wọ́n lọ ṣàlàyé fúnra wọn. Baba Orísun gbà kíákíá. Ó fẹ́ rí máàpù kejì.

Bàbá Onífíríìjì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tíṣà kò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ gíláàsì, ó sì kéré sí Baba Orísun lọ́jọ́ orí dáadáa. Máàpù rẹ̀ tóbi ju ti àlejò rẹ̀ lọ, ó sì fi òwú pupa so àwọn ìṣó rẹ̀ pọ̀. Ojú Baba Orísun kọ́kọ́ tàn, ó tún ṣú díẹ̀. Tíṣà mú rúlà.

"Ìdí igi náà rèé, níbí, lọ́dọ̀ wa. Ibí ni orísun. Èyí ni ẹ̀ka ńlá. Èyí ni ẹ̀ka tó tẹ̀ lé e." Rúlà náà rìn, ó rìn, ó sì dúró síbi tí òwú ti ku bíńtín. "Ẹ̀yin wà níbí. Ẹ̀ka kékeré."

"Kékeré báwo?"

"Àwa làgbà, àbúrò. Má jẹ́ kó dùn ẹ́."

Ìyá Télọ̀ gbọ́ "àbúrò," ó gbọ́ "ẹ́," ó sì wo ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú rẹ̀.

"Ó ti dáa náà tó o wá," Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ìyàwó mi ní ẹ̀rọ kíṣìnì wa ń jò. Bá wa wò ó kó o tó lọ. O ò kúkú ní gbowó lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ."

Baba Orísun dìde tó bẹ́ẹ̀ tí àga rẹ̀ fi ṣubú.

"Àbúrò ta? Èmi tí mo ti ń gbọ́ bùkátà ìyàwó nígbà tí wọ́n ṣì ń nu imú rẹ? Gbọ́ mi dáadáa! Ẹbí kankan ò dà wá pọ̀! Ṣọ́bìrì ni bàbá bàbá mi gbé lójú irin, orúkọ fọ́máànù rẹ̀ ló fi ń gbowó. Orúkọ owó ni, kì í ṣe orúkọ ẹ̀jẹ̀. Àǹtí mi wà láàyè nílé, ẹ lọ bi wọ́n!"

Tíṣà rọra gbé rúlà sílẹ̀. Ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létí gíláàsì rẹ̀.

"Fọ́máànù ojú irin? Bàbá bàbá mi nìyẹn."

Ìyá Télọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún mí.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ẹ bára yín tan, àbí ẹ ò bára yín tan?"

"A ò tan!" Ẹnu wọn papọ̀. Ìbínú ló mú kí ọ̀kan sọ ọ́. Èkejì sọ ọ́ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ fọ́máànù kò gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ ti àwọn oníṣọ́bìrì.

"Ó dáa. Ọjọ́ wo la fi ìgbéyàwó sí?"

Ìyàwó Tíṣà ti ń gbé ohun mímu bọ̀ láti kíṣìnì. Bó ṣe ń tẹ̀ sílẹ̀ láti gbé ife fún Ìyá Télọ̀, ó sọ ọ́ sí i létí pé ẹ̀rọ àwọn ò jò rí.

Kò sí ọ̀nà tí bàbá méjèèjì lè gbà yí ọ̀rọ̀ wọn padà láìdi ẹbí. Wọ́n fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, akọ̀wé bi Nọ́ọ̀sì ní orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ àti èyí tó máa jẹ́ láti ọjọ́ náà lọ, Nọ́ọ̀sì sì dá orúkọ kan náà fún méjèèjì; akọ̀wé tún ìbéèrè náà bi í, ó rò pé kò yé e. Ìyá Télọ̀ jókòó lẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ, òun ló ti rò pé ó máa bọ́ lọ́wọ́ orúkọ náà.

Nígbà tí wọ́n délé, Baba Orísun fa píìnì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó wọn lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Gbogbo wọn ti wọ́. Ògiri pálọ̀ dà bí ojú asẹ́. Àánú rẹ̀ fẹ́ máa ṣe obìnrin náà nígbà tó rí i tó gba ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn lọ, tó jókòó ti Àǹtí Àgbà.

"Àǹtí, kí ni bàbá yín ń jẹ́ kó tó di ti fọ́máànù?"

Arúgbó náà sọ fún un. Orúkọ tó sọ yìí ni ẹlẹ́ja ìkóríta ń jẹ́, òun ni alápatà ń jẹ́, òun ni onílé tó kọjú sí wọn ń jẹ́. Bí ènìyàn bá pè é lójú títì, ọkọ̀ ò ní rọ́nà kọjá.

Baba Orísun padà sí pálọ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Ó wo máàpù tó ṣófo láti òkè délẹ̀.

"Ìyá Nọ́ọ̀sì, ṣé o mọ̀ pé kò síbi tí a ò sí?"

Ọwọ́ rẹ̀ ti ń nà sí àpótí píìnì. Ìyá Télọ̀ pa á dé, ó tì í, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àyà, ó sì nàka sí kíṣìnì níbi tí omi ti ń kán sínú abọ́.

"Orísun kan wà lọ́hùn-ún. Ẹ lọ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀."