Ọjọ́ Tí Bàbá Òkè Ṣí Ilẹ̀kùn

Àgbọ̀n mi wà lórí igi gìtá Bàbá Òkè nígbà tí bàtà àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí àtẹ̀gùn. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn Jídà nílẹ̀ Lárúbáwá ti lé gbogbo ènìyàn wọlé, ẹ̀rọ amúlétutù ojú fèrèsé sì ń kùn bí ẹni tí inú ń bí. Ìyá mi wà lábẹ́ ibùsùn nínú yàrá kejì, ó fi etí abáyà rẹ̀ di ẹnu kí ikọ́ má bàa já mọ́ ọn lẹ́nu.

A kò ní ìkámà, ìwé tí àlejò fi ń gbé ìlú náà. Ìyá mi gbé mi wá ṣe Ùmúrà lẹ́yìn ikú bàbá mi, nígbà tí mo ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì padà sílé mọ́. Ó ń ránṣọ fún àwọn obìnrin Gulélì, àdúgbò tí àwa adúláwọ̀ pọ̀ sí. Inú ìbẹ̀rù ni mo dàgbà sí. Kí n tó mọ orúkọ ara mi kọ ni mo ti mọ ìró bàtà ọlọ́pàá yàtọ̀ sí ti aládùúgbò.

Bàbá tí a sá tọ̀ lọ kò ní irú ìṣòro yẹn. Ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkámà rẹ̀ pé, ilé ìwòsàn kan ló ń bá tún ẹ̀rọ ṣe. Bàbá Òkè ni mo ń pè é, torí òkè pátápátá nínú ilé wa ló ń gbé. Atukọ̀ òkun ni bàbá rẹ̀, ọmọ Yorùbá; òyìnbó ni ìyá rẹ̀; Ìlú Ọba ni wọ́n sì bí i sí. Yorùbá ẹnu rẹ̀ máa ń rọra rìn bí ẹni tó ń wá bàtà nínú òkùnkùn. Yàrá rẹ̀ kì í yé rùn bí òjé yíyọ́ àti kọfí àwọn Lárúbáwá.

Ìyá mi ló ń sọ ìtàn Bàbá fún mi díẹ̀díẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀, gìtá ló ń ta káàkiri Ìlú Ọba. Orin bùlúùsì ni, orin ìbànújẹ́ àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó gbà, tí wọ́n fi iná mànàmáná sọ di ariwo ńlá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ọtí, ó dé gbọ̀ngàn, ó dé Jámánì. Àwòrán rẹ̀ wà lára àwo orin, àwọn ènìyàn a sì máa dúró nínú òjò láti rí i. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tó fẹ́ jáde sí wọn tí kì í kọ́kọ́ bì. Lọ́jọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, níwájú èrò rẹpẹtẹ, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó wo ìka rẹ̀ títí, bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Ó gbé gìtá rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn jáde, kò sì tún ta á lójú ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tó yá, òun àti ìyàwó rẹ̀ wá ṣe Hájì. Ìyàwó náà kú sí Mẹ́kà, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Bàbá ní òun kò lè fi ìyàwó òun nìkan sílẹ̀ níbẹ̀, ló bá wá iṣẹ́ sí Jídà.

Gìtá náà tẹ̀lé e wá. Gìtá oníná ni; bí a kò bá so ó mọ́ ẹ̀rọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti kòkòrò lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dá ta á, torí nígbà náà, ní àdúgbò wa, olórin kì í fi ara rẹ̀ hàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tó rí i pé eyín mi ń gbá ara wọn, ó gbé e lé mi nítan.

"Fi àgbọ̀n rẹ lé e," ó ní.

Ó ta okùn kan. Ohùn náà kò gba etí mi wọlé rárá, egungun ló gbà. Ó kún orí mi, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àyà. Mo bi í léèrè bóyá ẹ̀rù ń ba òun náà.

"Ó ń bà mí, ọmọ mi. Kò sí ọjọ́ tí kì í bà mí."

Mo ti rò pé yóò sọ pé rárá. Ìdáhùn náà tún dá kún ẹ̀rù mi.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ó ní kí n tọ ìyá mi lọ. Láti abẹ́ ibùsùn, ní àlàfo ilẹ̀kùn yàrá, mo rí i tó gbé gìtá kọ́ ọrùn. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Lẹ́yìn náà ló ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀dọ́ ni ọlọ́pàá tó wọlé. Kò wo ibòmíràn, gìtá náà ni ojú rẹ̀ lọ bá. Ó béèrè bóyá Bàbá mọ̀ ọ́n ta, Bàbá sì dáhùn pé iṣẹ́ tí òun ṣe jẹun nílùú òun nìyẹn.

"Ta á kí n gbọ́," ni ọlọ́pàá náà wí.

Bàbá wo ìka rẹ̀ títí. Èékánná ìyá mi wọ apá mi lára. Lẹ́yìn náà Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó ṣì í ta, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ náà sún mọ́ ọn, ó tẹ etí sí igi náà, ó ń gbọ́. Kò rántí yàrá kejì mọ́.

Ọ̀gá rẹ̀ ló gòkè wá tú wọn ká. Ó yẹ ìwé Bàbá wò, ó pé. Ó ní irú nǹkan yìí kò yẹ ní ilé Mùsùlùmí, ó sì gba gìtá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, a gbọ́ igbe obìnrin kan nísàlẹ̀ tí kò ríbi sá sí.

Nígbà tí a jáde, Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ti bì sára aṣọ. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ gìtá náà.

"Àlàájà, ẹ fún ọmọ yìí ní omi," ló sọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni a kó lọ sí Tandabáwì ní Mẹ́kà, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ìyá mi kan. Bí Bàbá bá wá kí sàréè ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, a máa yà kí wa. Ìyá mi béèrè lẹ́ẹ̀kan bóyá kò ní ra gìtá mìíràn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ òun ti sinmi. Nígbà tó yá, wọ́n mú wa, wọ́n dá wa padà sí Nàìjíríà, n kò sì rí i mọ́.

Mo ti ní ọmọ báyìí. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn òbí ń sọ fún ọmọ wọn pé kí wọ́n má bẹ̀rù. Èmi kì í sọ ọ́ fún tèmi. Àwa mẹ́ta la wà nínú ilé lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ẹni tí ẹ̀rù kò bà. Ẹni tí mo rò pé ẹ̀rù ń bà jù lọ nínú wa ló dìde lọ ṣílẹ̀kùn.