Awò Ojú Kan Ṣoṣo Tí A Jọ Ń Lò

Bó bá wù yín, ẹ fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kọ́ ló sọ ọ́ fún mi o. Èmi gan-an ni mo jókòó sórí àga tí wọ́n ti ń ya fọ́tò láísẹ́ǹsì ní Ìkẹ́rẹ́, lọ́sàn-án gangan. Oòrùn ń ràn, mi ò sì mu nǹkan kan ju gàrí lọ.

Ojú èmi àti ìyàwó mi kì í rí òkèèrè. Awò ojú kan ṣoṣo la jọ ń lò. Bí mo bá ń wakọ̀ lọ sí Ìṣẹ́, ó di tèmi. Bí a bá délé, òun á gbà á fi wo tẹlifíṣàn, èmi á wá máa fi etí wo fíìmù. Kó tó dá a padà, á fi etí ìró rẹ̀ nù ún, á fi í sí mi lójú bí ẹni ń múra fún ọmọ iléèwé. "Dádì, ẹ má lọ kọlu ewúrẹ́ o."

Ó kú.

Nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sínú pósí, mo ní kí wọ́n fi awò náà sí i lójú. Àǹtí rẹ̀ àgbà yọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ lé mi lọ́wọ́. "Níbi tó ń lọ, gbogbo wọn ló ń ríran. Ìwọ tó ń wakọ̀ ni kó o mú un." Ta ló máa bá àgbà jiyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí?

Láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ mi wá parí, mo lọ tún un ṣe ní Ìkẹ́rẹ́. Ọmọbìnrin tó ń ya fọ́tò ní, "Bàbá, ẹ yọ awò yín. Ó ń kọ mànà, ojú yín ò hàn."

Mo yọ ọ́. Gbogbo yàrá di kùrukùru.

Àfi ẹnì kan. Ẹ gbà mí gbọ́, mo rí i kedere. Ìyàwó mi ni. Ó ń fọwọ́ tọ́ ògiri bọ̀, ó ń táràrà.

"Dádì," ó rọra sọ, "awò wa dà? Mi ò rí ọ̀nà ulé."

Mo nà án sí i. Ó gbà á. Mo rò pé ojú ara rẹ̀ ló máa fi í sí. Rárá. Ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó fi í sí mi lójú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù.

Kámẹ́rà dún. Ògiri lásán ni mo rí.

"Bàbá, mo ní kí ẹ yọ ọ́!"

"Mo yọ ọ́."

"Mò ń wò yín, ọwọ́ yín ò kan ojú. Ta ló wá fi í..." Kò tún fọ́tò náà yà. Bí ẹ bá pàdé mi lọ́nà Ẹmùré, ẹ dá mi dúró, màá fi láísẹ́ǹsì náà hàn yín: awò náà wà lójú mi nínú fọ́tò rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, mò ń gbọ́ ẹni tó ń fọwọ́ tọ́ ògiri ilé mi lóde. Mo máa ń gbé awò náà sójú fèrèsé kó lè mú un lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n á ti nù ún mọ́ tónítóní.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń tẹ́ ẹni yín sínú pósí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ awò ojú rẹ̀. Bó bá gba kí ẹ bá àgbà jiyàn níbẹ̀, ẹ bá a jiyàn.